Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Gíláàsì Fèrèsé Tó Fọ́ Nílé

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìbàdàn fò kọjá ògiri, ó sì gba gíláàsì méjì lọ lára fèrèsé lúfà yàrá ìdáná wa. Oníṣẹ́ gíláàsì tí mo pè dárúkọ iye owó kan tó jẹ́ pé owó gíláàsì fúnra rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Owó iṣẹ́ ni gbogbo ìyókù, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí mo dúró tì í tí mo fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣe, kò lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ gíláàsì nínú ilé wa, àti ní ilé bàbá mi tí àwọn fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onígi àtijọ́. Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ìwọ̀n ni ìdajì rẹ̀, mímú kí ibi tí gíláàsì yóò jókòó sí mọ́ sì ni ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìdajì tó kù. Gbígbé gíláàsì sójú fèrèsé gan-an ló kéré jù.

Kí ẹ tó mú ohun èlò kankan lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ irú fèrèsé tí ẹ ní. Ilé tó ti pẹ́ díẹ̀ sábà máa ń ní lúfà, tí gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tò léra wọn lórí, tí ọwọ́ kan ṣoṣo sì ń ṣí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tó dàgbà jùyẹn lọ lè ní férémù igi tàbí ti irin, tí wọ́n fi pọ́tì lẹ gíláàsì mọ́. Ilé tuntun ló ní férémù àlùmíníọ̀mù tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, tí rọ́bà sì di gíláàsì rẹ̀ mú. Oríṣi méjì àkọ́kọ́ ni n ó pẹ́ lé lórí, nítorí pé àwọn ni ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Irú yòówù kí ó jẹ́, àfọ́kù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn bíi ti àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì fi awò sójú. Bí gíláàsì bá ṣì rọ̀ mọ́ férémù, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù gbígbòòrò mọ́ ọn ní ìbú àti ní òòró kí ó má bàa tú ká nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́. Láti òkè ni kí ẹ ti máa yọ ọ́ bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń na ọwọ́ ara rẹ̀ sábẹ́ abẹ ni: èyí tó kù lókè lè já nígbàkigbà. Ìgbálẹ̀ yóò kó èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n èyí tó kúnná bí iyọ̀ ló ń gún ènìyàn lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo ilé ti gbàgbé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sùn sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gba orí ilẹ̀ lọ; gbogbo èérún tó fara pamọ́ yóò máa tàn yanranyanran níwájú yín. Ẹ wá fi bébà ìwé ìròyìn tí ẹ ti rẹ sómi tẹ̀ wọ́n, wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má da àfọ́kù sínú ọ̀rá ìdọ̀tí lásán, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kì í wọ ìbọ̀wọ́: inú páálí ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ dì í pa, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé gíláàsì fífọ́ ló wà níbẹ̀.

Lúfà ló rọrùn jù. Ní apá ọ̀tún àti apá òsì fèrèsé, ẹ ó rí irin àlùmíníọ̀mù gígùn tí ó ní ọwọ́ kéékèèké lára, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì gbá orí gíláàsì kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ ṣí fèrèsé náà dé ibi tí gbogbo gíláàsì yóò fi sùn gbalaja. Ní ìpẹ̀kun ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ká ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọnú, òun ni kì í jẹ́ kí gíláàsì yọ́ jáde. Ahọ́n yìí ni ẹ ó fi ẹ̀mú tọ́ padà, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀ yọ gíláàsì. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Àlùmíníọ̀mù kì í fẹ́ kí a máa tẹ òun lọ kí a máa tẹ òun bọ̀. Bí ẹ bá ká a tí ẹ tún tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò kán sọ́wọ́ yín, gíláàsì tí ẹ bá sì fi síbẹ̀ yóò máa yọ́ jáde. Bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bá wà nínú, òde ni ẹ ó ti ṣiṣẹ́. Bí irin ìdènà olè bá wà lóde, ẹ wò ó dájú bóyá àlàfo rẹ̀ gba gíláàsì kọjá kí ẹ tó tọ́ ohunkóhun, nítorí mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú odidi nẹ́ẹ̀tì nítorí gíláàsì kan. (Bí ó ṣe rọrùn tó láti yọ yìí náà ni ó mú kí àwọn olè fẹ́ràn lúfà, òun ló sì kó irin bo ojú fèrèsé wa.)

Ẹ má gbé àfọ́kù lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì fún ìwọ̀n. Gíláàsì kan tó ṣì pé nínú fèrèsé kan náà ni kí ẹ yọ, kí ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ sì gbé e lọ, kí wọ́n gé òmíràn bá a mu. Ìbú tó wọ́pọ̀ ni íńṣì 6, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 152, ṣùgbọ́n ti íńṣì 4 náà wà, gígùn rẹ̀ sì ń tẹ̀lé fèrèsé. Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń rẹ́ ènìyàn jẹ ni bó ṣe nípọn sí. Gíláàsì lúfà kò ní férémù tó yí i ká: orí rẹ̀ méjèèjì nìkan ni wọ́n gbá mú, àárín rẹ̀ wà lófuurufú, afẹ́fẹ́ sì ń lù ú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nítorí náà, gíláàsì mìlímítà 3 tó tó fún férémù kékeré kò tó fún un rárá. 5 tàbí 6 ni kí ẹ béèrè, bíi ti èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó sì wọ ẹnu ọwọ́ irin náà láìmì. Ẹ ní kí wọ́n lọ etí rẹ̀ méjèèjì tó gùn, nítorí pé etí yìí ni ọwọ́ máa ń kàn nígbà tí a bá ń nu fèrèsé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa àkísà gba etí náà lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òwú àkísà bá há sí i, wọn kò tíì lọ̀ ọ́ tó.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ti gíláàsì náà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ tí ẹ tọ́, kí ẹ ká ahọ́n rẹ̀ padà títí yóò fi kàn án díẹ̀, láìfún un. Ẹ wá ti fèrèsé pa, kí ẹ wò ó láti ìta: etí ìsàlẹ̀ gíláàsì tuntun gbọ́dọ̀ gun èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò yóò máa wọlé. Bí kò bá sí owó lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe bí màmá mi ti máa ń ṣe, kí ẹ yọ gíláàsì òkè pátápátá lára fèrèsé yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í dé, kí ẹ fi dí ti yàrá ibi tí ẹ ń sùn títí di òpin oṣù.

Férémù igi ni iṣẹ́ wà. Pọ́tì tó di gíláàsì rẹ̀ mú jẹ́ ẹfun lílọ̀ tí wọ́n fi òróró línsíìdì pò, bí ó bá sì ti lo ọdún púpọ̀, ó ń le bí òkúta. Láti ìta ni ẹ ó ti fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì àti òòlù gbẹ́ ẹ kúrò, díẹ̀díẹ̀, kí ojú ṣíṣẹ́ẹ̀lì kọ sí pọ́tì, kó má kọ sí igi. Ẹ ó bá àwọn ìṣó kéékèèké tí kò lórí pàdé nínú rẹ̀; ẹ fi ẹ̀mú fà wọ́n yọ. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi rí ara igi fúnra rẹ̀ yíká gbogbo àyè tí wọ́n gbẹ́ fún gíláàsì, nítorí pé ègé pọ́tì líle tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ, bí ó bá kù lẹ́yìn gíláàsì tuntun, ibẹ̀ gan-an ni gíláàsì yóò ti ya lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi ìbínú ti fèrèsé. Ẹ fi sáńpépà ha ibẹ̀, kí ẹ kun ún ní ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ọ̀dà yìí, ó sì jẹ́ àṣìṣe ńlá: igi gbígbẹ yóò fa òróró inú pọ́tì mu, pọ́tì yóò sì máa bó sílẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ìwọ̀n ló kàn. Fún fèrèsé àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní ilé bàbá mi, òkè nìkan ni mo ti wọn ìbú. Gíláàsì dé, ó wọlé lókè, ó há nísàlẹ̀, mìlímítà 2 péré ni kò jẹ́ kí ó wọlé. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, ó dún pẹ́ẹ́, ìlà kan sì là á láti igun dé igun lójú mi. Láti ọjọ́ náà, ibi mẹ́ta ni mo ti ń wọn ìbú, lókè, láàárín, àti nísàlẹ̀. Ibi mẹ́ta náà sì ni mo ti ń wọn gíga. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ó mú, ẹ ó sì yọ mìlímítà 3 kúrò nínú rẹ̀. Bí ìbú bá jẹ́ 452 lókè, 450 láàárín, àti 449 nísàlẹ̀, 446 ni kí ẹ kọ fún onígíláàsì. Àyè tí ẹ yọ yìí kì í ṣe òfo: igi ń wú ní àkókò òjò, ó ń súnkì nígbà ọyẹ́, gíláàsì kì í sì í bá a wú bẹ́ẹ̀ tàbí bá a súnkì bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wọn láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́, ohun tó dára jù sì ni kí ẹ gé páálí tó wọ àyè náà wẹ́kú láìhá, kí ẹ gbé e lọ kí wọ́n gé gíláàsì bá a mu. Mìlímítà sì ni kí ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀. Íńṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, níbi tí a bá sì ti ń sọ pé “íńṣì 17 ó lé díẹ̀,” “díẹ̀” yẹn ló máa ń sọ gíláàsì di àlòpatì.

Ẹni tó bá ní gíláàsì àlòkù nílé lè gé e fúnra rẹ̀. Irin tí a fi ń gé gíláàsì kì í gé e ní ti gidi. Kẹ̀kẹ́ kékeré ẹnu rẹ̀ ń fa ìlà sójú gíláàsì ni, ìlà yìí ni gíláàsì yóò sì gbà là nígbà tí a bá ṣẹ́ ẹ. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ nu gíláàsì mọ́, ẹ fi ẹ̀kán kẹrosíìnì kan sẹ́nu irin náà, kí ẹ fi rúlà tọ́ ọ, kí ẹ sì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti etí dé etí. Bí ó bá ń dún ṣíì láìdáwọ́ dúró, ó ń lọ bó ṣe yẹ. Bí ó bá dákẹ́ níbì kan, kò fa ìlà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má padà sórí ìlà kan náà, nítorí pé ìlà kejì ń ba kẹ̀kẹ́ irin náà jẹ́, ó sì ń mú kí gíláàsì ya síbi tó bá wù ú. Ẹ gbé ìlà náà sétí tábìlì gan-an, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ apá tó yọ síta sísàlẹ̀ lójijì, yóò ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí, ẹ fi àfọ́kù dánra wò ní ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kan odidi gíláàsì.

Gíláàsì wúwo ju bí a ti rò lọ. Mítà kan níbùú lóròó wúwo tó kílò 2.5 fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan tó bá nípọn, nítorí náà gíláàsì mìlímítà 4 tó ga ní sẹ̀ńtímítà 90, tó fẹ̀ ní 60, súnmọ́ kílò 5 àbọ̀. Ìdúró ni kí ẹ gbé e, ìdúró náà ni kí ó wà nínú mọ́tò. Ọ̀kadà kọ́ ni a fi ń gbé e.

Nísinsìnyí, ẹ mú pọ́tì tó kún ọwọ́ kan, kí ẹ pò ó láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi rọ̀ tí kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Bí ó bá ṣì ń lẹ̀, ẹ dì í sínú ìwé ìròyìn fún ìgbà díẹ̀, ìwé náà yóò fa òróró tó pọ̀ jù kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá le jù, ẹ kán òróró línsíìdì díẹ̀ sí i. Ẹ yí i bí okùn tó tó ìka ọmọdé, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yí gbogbo àyè náà ká. Ẹní tí gíláàsì yóò sùn lé nìyẹn. Ẹ fi igi ìṣáná méjì sísàlẹ̀ kí etí gíláàsì má bàa jókòó lé igi férémù, ẹ gbé etí ìsàlẹ̀ gíláàsì lé wọn, kí ẹ wá tẹ apá òkè rẹ̀ wọlé. Etí ni kí ẹ máa tẹ̀ yíká, kì í ṣe àárín, nítorí àárín ló ń fọ́. Pọ́tì yóò máa rú jáde sínú ilé lẹ́yìn gíláàsì, bí ó sì ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀ bá tó mìlímítà 2 tàbí 3.

Ìṣó aláìlórí ló tẹ̀ lé e, ọ̀kan sí nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 20 síra wọn, kí wọ́n wọnú igi, kí ara wọn sì dùbúlẹ̀ lójú gíláàsì. Ẹ má gbé òòlù sókè bí ẹni tó ń kan àga. Ẹ fi páálí tẹ́ ojú gíláàsì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òòlù máa yọ́ lórí rẹ̀, kí ó máa gbá ìṣó wọlé ní kẹ́kẹ́. Ìṣó wọ̀nyí ló ń di gíláàsì mú títí pọ́tì yóò fi le. Lẹ́yìn wọn ni ẹ ó tún fi pọ́tì mìíràn yí ìta ká, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ tí ẹ ti kì bọ omi fà á láti igun dé igun ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò. Ẹ wọlé, kí ẹ wò ó láti inú yàrá. Bí ẹ bá rí pọ́tì òde tó yọ ju igi tó wà lẹ́yìn gíláàsì lọ, ó ti ga jù, ẹ padà lọ fá a wálẹ̀.

Àwọn kan ń fi sílíkónì rọ́pò pọ́tì. Ó yá ju pọ́tì lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ lára férémù igi: ọ̀dà kì í mú un, bí gíláàsì náà bá sì tún fọ́ lẹ́yìn ọ̀la, ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ kúrò yóò ṣépè fún ẹni tó fi í síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ férémù irin, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tó fọ́ gíláàsì. Bí kò bá sí òkúta, bí kò sì sí bọ́ọ̀lù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé irin ló dógùn-ún. Irin tó bá dógùn-ún ń wú, ìdógùn-ún rẹ̀ ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ó sì ń ti etí gíláàsì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ya. Ẹ ha á dé ibi tí irin ti ń dán, kí ẹ kun ún ní ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń lò, kí ẹ sì ra pọ́tì tí wọ́n ṣe fún irin, nítorí pé èyí tí wọ́n ṣe fún igi gbára lé bí igi ṣe ń fa òróró rẹ̀ díẹ̀ kí ó tó lè le.

Ní ti àlùmíníọ̀mù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ẹ gbé apá tó ní gíláàsì sókè wọnú ojú ọ̀nà rẹ̀ tó wà lókè, kí ẹ fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, yóò yọ. Ẹ tú àwọn síkúrù igun rẹ̀, kí ẹ yọ rọ́bà tó yí gíláàsì ká láìfà á ya, kí ẹ sì mú gíláàsì tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí gíláàsì tó fọ́ bá tú ká sí wóró wóró bí àgbàdo, dípò kí ó ya ṣóṣóró bí ọ̀bẹ, èyí tí wọ́n fi iná mú le ni. Irú rẹ̀ kò ṣeé gé mọ́ lẹ́yìn tí iná bá ti mú un, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀ ní ìwọ̀n tó pé, kí ẹ má sì fi gíláàsì lásán rọ́pò rẹ̀ lára ilẹ̀kùn tàbí ní balùwẹ̀. Bí fèrèsé bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó sì jẹ́ pé láti ìta nìkan ni a lè ṣe é, ẹ fi lé ẹni tó ní àkàbà tó dúró ṣinṣin lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀dà. Pọ́tì kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ni òróró inú rẹ̀ ń fà mọ́ra tí ó fi ń le, ìyẹn kò sì ṣeé kánjú. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 1 tàbí 2, títí ìka kò fi ní lè tẹ ojú rẹ̀ wọlé mọ́. Ẹ wá kun ún ní ọ̀dà olóròóró, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀dà náà gun ojú gíláàsì ní nǹkan bíi mìlímítà 2, nítorí pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń dí ẹnu ibi tí pọ́tì àti gíláàsì ti pàdé kí omi má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá fi abẹ ha á kúrò kí ojú fèrèsé lè mọ́ tónítóní ti ṣí ọ̀nà fún òjò.

Nígbà tí mo gbẹ́ pọ́tì àtijọ́ kúrò lára fèrèsé yàrá bàbá mi, mo bá ìwọ̀n rẹ̀ lábẹ́ pọ́tì náà, tí káfíńtà kan fi pẹ́ńsù kọ sára igi ní íńṣì, ó sì ṣì hàn ketekete. Kí n tó tẹ́ pọ́tì tuntun lé e, mo kọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní mìlímítà.